Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Láti Ipò Akẹ́kọ̀ọ́ dé Ìgbé Pípẹ́ ní Kánádà

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní Pọ́bẹ̀, ẹbí wa pé jọ nítorí ọmọ kan. Ọmọbìnrin àbúrò mi ti yege nínú ìdánwò baccalauréat, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Kánádà sì ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé àwọn gbà á wọlé. Bàbá rẹ̀ ti rí ẹni tí yóò ra oko ọ̀pẹ tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún un. Ẹni náà ti ṣèlérí pé òun yóò san gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Inú gbogbo wa dùn. Àwọn ọmọdé ń sá kiri, àwọn àgbà ń ṣàdúrà.

Ìyá wa nìkan ni kò bá wa yọ̀. Ó jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ tán, ó wá yíjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ní: «Ọmọ mi, bí o bá kàwé ọ̀hún tán, kí ni wọn yóò wí fún ọ? Ṣé wọn yóò ní kí o máa lọ ni, àbí wọn yóò ní kí o jókòó?»

Ilé dákẹ́. Àbúrò mi mọ iye owó ọkọ̀ òfuurufú, ó sì mọ iye tí ilé ìwé ń gbà. Ọmọ náà mọ orúkọ ìlú tí ó ń lọ, ó sì mọ bí òtútù ibẹ̀ ti le tó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí. A fẹ́ ta ilẹ̀ tí a kò lè rà padà mọ́, a kò sì tíì mọ ohun tí a fẹ́ fi owó rẹ̀ rà.

Nítorí ìbéèrè yẹn ni mo ṣe kọ àpilẹ̀kọ yìí. Fún oṣù mélòó kan, èmi àti ọmọ náà jókòó ti òfin àti ìlànà tí ìjọba Kánádà gbé jáde, a bá àwọn ará wa tí wọ́n ti gba ọ̀nà náà kọjá sọ̀rọ̀, a sì kọ ohun tí a rí sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Kétu, Sábẹ̀ẹ́, Ṣàkété, Àjàṣẹ́ àti Atakpamé tí wọ́n ń múra irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ó yẹ kí wọ́n rí i kà kí ilẹ̀ kankan tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìwé mẹ́ta ni, kì í ṣe ẹyọ kan

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín wa ni pé a rò pé ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú ti dé ibi tí ó ń lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ipò akẹ́kọ̀ọ́ dé ipò ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé ìlú náà pẹ́, ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ènìyàn yóò gbà.

Èkíní ni ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń pè ní permis d'études. Ó fún ọ láyè láti kàwé, ọjọ́ tí yóò parí sì wà lára rẹ̀. Èkejì ni ìwé àṣẹ iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, permis de travail postdiplôme. Ó fún ẹni tí ó kàwé yege láyè láti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tí ó bá wù ú. Gígùn rẹ̀ sábà máa ń tẹ̀ lé gígùn ẹ̀kọ́ tí ènìyàn kọ́, kò sì lè ju ọdún 3 lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń gbà á láyé. Ẹ̀kẹta ni résidence permanente, tí a ó máa pè ní ìwé ìgbé pípẹ́ níhìn-ín. Ẹni tí ó bá ní in lè gbé ní Kánádà, kí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ó sì jẹ ọ̀pọ̀ àǹfààní tí àwọn ọmọ ìlú ń jẹ, títí kan ìtọ́jú ìlera. Ṣùgbọ́n kò lè dìbò.

Nínú àwọn ìwé mẹ́ta yìí, kò sí èyí tí ó ṣe onídùúró fún èkejì. Ẹni tí ó ní èkíní lè má rí èkejì gbà, ẹni tí ó sì ní èkejì lè má dé ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹta. Nítorí náà, láti ẹ̀yìn ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀ ètò. Kọ́kọ́ wo irú iṣẹ́ tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tọrọ ìwé ìgbé pípẹ́. Lẹ́yìn náà, wo irú ẹ̀kọ́ tí ó lè mú ọ dé ẹnu iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ni kí o tó wá yan ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń yan ilé ìwé nítorí pé ọ̀rẹ́ wa wà níbẹ̀ tàbí nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni wọn yóò wá mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ kò ṣí ìlẹ̀kùn kankan.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Québec

Bí ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tàbí ọmọ Tógò bá gbọ́ orúkọ Kánádà, Québec ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ, nítorí Faransé ni èdè ìjọba ibẹ̀. Láti ọdún 2010 ni ètò kan ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Programme de l'expérience québécoise, tàbí PEQ. Ẹni tí ó bá kàwé yege ní Québec, tí ó gbọ́ Faransé dáadáa, tí ó sì ní gbogbo ohun tí ètò náà béèrè, lè gba ibẹ̀ lọ sí ìgbé pípẹ́ láìsí pé a ń fi máàkì rẹ̀ wé ti ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó gbé gbogbo ètò ayé wọn lé e lórí.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Ọ̀wàrà 2024, ìjọba Québec dá apá tí ó jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́yege dúró. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìgbà díẹ̀ náà gùn sí i, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 19 oṣù Bélú 2025, wọ́n ti gbogbo ètò náà pa. Ètò tí ó kù fún àwọn òṣìṣẹ́ ni Programme de sélection des travailleurs qualifiés. Nínú èyí, olúkúlùkù yóò fi orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí wọ́n ń pè ní Arrima, ìjọba yóò sì pe àwọn tí ó bá wù ú láàárín wọn, gẹ́gẹ́ bí máàkì wọn àti irú iṣẹ́ tí ìlú ń fẹ́.

Ẹ ro ti ẹni tí ó wọ ilé ìwé ní 2022 pẹ̀lú ìrètí PEQ. Ó kàwé, ó yege, ó gbọ́ Faransé, kò sì rú òfin kankan. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bá a ní títì. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kọ́. Àwọn tí wọ́n ṣe òfin náà ni wọ́n yí i padà, wọ́n sì lè tún un yí lọ́la.

Kì í ṣe pé mo ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sí Québec mọ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ibẹ̀ dára, àwọn ará wa sì pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹni tí ètò rẹ̀ dúró lórí òfin kan ṣoṣo kò tíì ní ètò. Mọ ọ̀nà kejì kí o tó kúrò nílé, kí o sì máa ka ohun tí ìjọba fúnra rẹ̀ kọ sórí ojú ewé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe ní 2019 lè má ṣeé ṣe mọ́.

Faransé wa níyì níbi tí a kò rò

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lẹ́yìn Québec, àwọn tí ń sọ Faransé wà ní àwọn ìpínlẹ̀ Kánádà mìíràn tí Gẹ̀ẹ́sì ti gbilẹ̀. Àwọn ará Acadie wà ní Nouveau-Brunswick, ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo tí òfin rẹ̀ fi èdè méjèèjì ṣe èdè ìjọba. Ní ìlú Moncton níbẹ̀ ni Université de Moncton wà láti ọdún 1963, Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ni. Université de Saint-Boniface wà ní Winnipeg ní Manitoba; Université Sainte-Anne wà ní Nouvelle-Écosse. Àwọn ìlú wọ̀nyí kéré, òtútù wọn le, wọn kò sì lókìkí nílé wa. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ Kánádà ń wá àwọn tí ń sọ Faransé tí yóò lọ gbé ibẹ̀, kí èdè náà má baà parun mọ́ àwọn ará ibẹ̀ lẹ́nu.

Nítorí ìdí yìí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún 2024 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò lọ sí àárín àwọn tí ń sọ Faransé lẹ́yìn odi Québec. Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dárúkọ, Tógò náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí àyè ní ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ètò náà, kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ gba ọdún 2 ó kéré tán, kí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́, kí apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ní Faransé. Ó tún gbọ́dọ̀ fi ìdánwò hàn pé òun dé ìpele 5 nínú òṣùwọ̀n èdè tí wọ́n ń pè ní NCLC, nínú gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ.

Àǹfààní rẹ̀ tóbi. Láyé ìgbà gbogbo, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń tọrọ físà gbọ́dọ̀ mú un dá òṣìṣẹ́ ìjọba lójú pé òun yóò kúrò ní Kánádà bí òun bá kàwé tán. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni wọ́n ti kọ̀ fún nítorí èyí. Nínú ètò yìí, wọn kò béèrè ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Owó tí ènìyàn yóò fi hàn pé òun ní lọ́wọ́ kéré sí ti àwọn yòókù, wọ́n sì ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti mọ ìlú láti ìgbà tí ó bá ti dé. Ìjọba sì ti kéde pé ọ̀nà yóò wà fún wọn láti ipò akẹ́kọ̀ọ́ sí ìgbé pípẹ́ lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí.

Ọ̀nà gbogboogbò ni Entrée express, ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń yan àwọn tí yóò gbé níbi tí kì í ṣe Québec. Olúkúlùkù ní máàkì tirẹ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí, ìwé, iṣẹ́ àti èdè rẹ̀. Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti ń pe àwọn tí ó gbọ́ Faransé lọ́tọ̀. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2025, máàkì 379 tó fún ẹni tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Faransé láti rí ìpè. Ní ọdún kan náà, fún àwọn tí wọ́n pè nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Kánádà, kò sí ìgbà kan tí máàkì wá sísàlẹ̀ 500. Faransé tí olùkọ́ fi pàṣán kọ́ wa ní Kétu àti ní Sábẹ̀ẹ́ ni ó fa ìyàtọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi ẹnu lásán gbà á. Ìdánwò TCF Canada tàbí TEF Canada ni yóò sọ ọ́, ìpele 7 ni ènìyàn sì gbọ́dọ̀ dé nínú ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èsì ìdánwò náà ń lo ọdún 2 péré. Ẹni tí ó bá sì tún mọ Gẹ̀ẹ́sì, máàkì rẹ̀ yóò lé sí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: ẹni tí ó ti ní ìwé ẹ̀rí gíga nílé, tí ó ti ṣe iṣẹ́ tí ó jọjú fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Kútọnu tàbí ní Lomé, tí Faransé rẹ̀ sì dára, lè gba Entrée express láti ilé láìkọ́kọ́ di akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ tó san owó ilé ìwé ọdún mẹ́rin, kí ó kọ́kọ́ ṣírò máàkì rẹ̀ wò.

Owó

Ìlànà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2025 sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tí kì í lọ sí Québec gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní 22,895 dọ́là Kánádà fún oúnjẹ àti ilé ọdún kan. Owó ilé ìwé àti owó ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Bí a bá ṣírò dọ́là kan sí nǹkan bí 400 fráǹkì CFA, ó lé ní mílíọ̀nù 9. Owó tí ẹbí ń tà nǹkan nítorí rẹ̀ nìyẹn, kí á tó sọ ti ilé ìwé.

Àwọn ọmọ wa a máa tu òbí nínú pé: «Ẹ fi mí síbẹ̀, màá máa ṣiṣẹ́ san ìyókù.» Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Láti oṣù Bélú 2024, wákàtí 24 lọ́sẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ṣiṣẹ́ lóde ilé ìwé nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Owó wákàtí 24 lè ra oúnjẹ, ó lè ran ni lọ́wọ́ nínú owó ilé, ṣùgbọ́n kò lè san owó ilé ìwé àjèjì. Ẹni tí ó bá ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ ti rú òfin ìwé àṣẹ rẹ̀, yóò sì rí i níwájú nígbà tí ó bá ń tọrọ ìwé kejì. Ètò owó tí ó bá ti dúró lórí iṣẹ́ ọmọ láti ọdún kìíní, kí ẹbí tún un ṣe.

Ní ọdún ilé ìwé

Àwọn ohun tí ń ba ọ̀nà jẹ́ ní àkókò yìí kéré, wọn kì í sì í dún. Ọmọ kan yóò dín iye ẹ̀kọ́ tí ó ń gbà kù kí ó lè rí àyè ṣiṣẹ́, kò sì ní mọ̀ pé ìwé àṣẹ iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ wà fún ẹni tí ó kàwé ní ojoojúmọ́ jálẹ̀ sáà gbogbo, àfi sáà tí ó kẹ́yìn. Òmíràn yóò fi ilé ìwé tí ó wà lórí ìwé àṣẹ rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí òmíràn tí owó rẹ̀ kéré. Láti oṣù Bélú 2024, ẹni tí ó bá fẹ́ yí ilé ìwé padà gbọ́dọ̀ tọrọ ìwé àṣẹ tuntun. Òmíràn yóò wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò lè yọrí sí ìwé àṣẹ iṣẹ́ rárá. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó yẹ kí á bi ilé ìwé kí á tó san fráǹkì kan ni pé: «Ṣé ẹ̀kọ́ yìí gan-an ń yọrí sí permis de travail postdiplôme?» Kí wọ́n dáhùn rẹ̀ lórí ìwé.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, ọjọ́ 180 ni ènìyàn ní láti tọrọ ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà, láti ìgbà tí ilé ìwé bá ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó parí. Wọn yóò béèrè èsì ìdánwò èdè: ìpele 7 fún ẹni tí ó kàwé ní yunifásítì, ìpele 5 fún ọ̀pọ̀ ẹni tí ó kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Má dúró di ìgbà yẹn kí o tó ṣe ìdánwò náà.

Ọdún iṣẹ́ tí wọ́n ń kà

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù fún akẹ́kọ̀ọ́yege ni láti fi iṣẹ́ ọdún kan ní Kánádà wọ Entrée express. Ọdún kan túmọ̀ sí wákàtí 1,560 tí wọ́n sanwó fún, láàárín ọdún 3 tí ó ṣáájú ìtọrọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni wọ́n ń kà. Wọ́n ti pín iṣẹ́ sí ìpele láti 0 dé 5, nínú ètò tí wọ́n ń pè ní FEER, ìpele 0 sí 3 ni wọ́n sì ń kà. Iṣẹ́ oníṣirò owó wà nínú èyí tí wọ́n ń kà. Títo ọjà sórí pẹpẹ kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ń dáná nílé oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí cuisinier wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan náà kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé iṣẹ́ kan dọ̀tí. Òfin ni ó pín wọn bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe nígbà tí ó ń kàwé ní ojoojúmọ́, wọn kì í kà á fún ọ̀nà yìí. Iṣẹ́ tí ó ṣe fún ara rẹ̀, bí irun dídì tàbí aṣọ rírán nílé, wọn kì í kà á pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tí ó fi ọdún méjì nínú ọdún mẹ́ta rẹ̀ ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ibi ìkẹ́rùsí kí ó lè fi owó ránṣẹ́ sílé ti ṣe ohun rere fún ilé, ṣùgbọ́n ọdún méjì náà ti lọ. A kì í gba ìwé àṣẹ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ọdún kìíní lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí kì í ṣe ọdún tí ó yẹ kí á máa pe ọmọ lójoojúmọ́ fún owó. Ẹ jẹ́ kí ó wá iṣẹ́ tí wọ́n ń kà, kódà bí owó rẹ̀ bá kọ́kọ́ kéré.

Orúkọ rẹ, bí wọ́n ti kọ ọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó jẹ́ tiwa ní pàtàkì. Orúkọ Yorùbá ni a ń jẹ́, ọwọ́ Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Adéṣínà di «Adechina» nínú ìwé ìbí, ó di «Adeshina» nínú ìwé baccalauréat, ó sì di «Adésina» nínú ìwé ìrìnnà. Nílé, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Lójú òṣìṣẹ́ tí ó jókòó ní Kánádà, ènìyàn mẹ́ta ni. Ìgbà tí ìwé ìgbé pípẹ́ bá kù díẹ̀ ni wọn yóò sọ pé kí o wá ṣàlàyé, o kò sì ní sí nílé láti lọ sí ọ́fíìsì.

Bí o bá jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀, lọ sí ọ̀dọ̀ ANIP kí o tó rìn, kí ìwé ìbí rẹ lè bá ìwé ìrìnnà rẹ mu. Bí orúkọ inú ìwé ilé ìwé bá yàtọ̀, béèrè ìwé àtúnṣe. Kí àwọn òbí pa ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ mọ́. Wọn yóò tún béèrè casier judiciaire láti ibi tí o bá ti gbé fún oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti àyẹ̀wò ara lọ́dọ̀ dókítà tí wọ́n yàn.

Àwọn tí ń ta ìlérí

Níbi tí oyin bá wà, eṣinṣin kò ní ṣàì dé. Àwọn kan wà ní ìlú wa tí wọ́n ń gba owó pé àwọn yóò «ṣètò» lẹ́tà ìgbàwọlé. Kí á mọ̀ pé láti ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀pẹ 2023, ìjọba Kánádà ń bi ilé ìwé fúnra rẹ̀ bóyá òun ni ó kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá rí irọ́ nínú ìwé ẹni, ọdún 5 ni wọ́n lè fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, orí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé ni yóò sì dà sí, kì í ṣe orí ẹni tí ó gba owó. Ẹni tí ó bá ń gbowó láti gba ni nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ agbẹjọ́rò, tàbí nótíárì ní Québec, tàbí kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Collège des consultants en immigration et en citoyenneté. Gbogbo ayé ló lè wo ìwé orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Abéèrè kì í ṣìnà.

Lẹ́yìn tí ìwé bá dé

Ìwé ìgbé pípẹ́ náà ní tirẹ̀. Ẹni tí ó ní in gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ 730 ní Kánádà nínú ọdún 5 kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ di ọmọ ìlú gbọ́dọ̀ ti lo ọjọ́ 1,095 nínú ọdún 5. Ọjọ́ tí ó lò gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ kí ó tó gba ìwé ìgbé pípẹ́, ààbọ̀ ọjọ́ ni wọ́n ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí, kò sì lè ju 365 lọ.

Ó sì ṣeé ṣe kí ènìyàn kàwé tán kí ó padà wálé. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò kùnà. Àjò kò lè dùn kí onílé má relé. Ètò tí ó dára ni èyí tí ó jẹ́ pé bí ìlẹ̀kùn ọ̀hún bá tì, ẹ̀kọ́ tí ọmọ kọ́ ṣì níyelórí ní Kútọnu, ní Lomé tàbí ní Èkó, gbèsè kò sì dúró dè é ní ẹnu ọ̀nà.

Ìpadàbọ̀ sí Pọ́bẹ̀

A kò ta oko náà. Ọmọ wa kọ̀wé sí ilé ìwé àkọ́kọ́ pé òun kò ní lè wá, nítorí a ti rí i pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún un kò yọrí sí ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ó ṣe ìdánwò Faransé, ó dé ìpele tí wọ́n ń béèrè. Ó ti kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó wà nínú ètò àwọn tí ń sọ Faransé, fún ẹ̀kọ́ ìṣirò owó. Ẹbí dá owó jọ, owó epo pupa ọdún méjì wọ inú rẹ̀, àbúrò mi sì yá ìyókù lọ́wọ́ àjọ alájẹṣẹ́kù. A ń dúró de èsì físà. A kò mọ ohun tí wọn yóò sọ.

Ní oṣù tí ó kọjá, ìyá wa tún bi í ní ìbéèrè ọjọ́sí. Lọ́tẹ̀ yìí ọmọ náà dáhùn. Ó ní: «Ìyá àgbà, bí mo bá kàwé tán, wọn kò ní sọ pé kí n máa lọ, wọn kò sì ní sọ pé kí n jókòó. Wọn yóò fún mi ní ọdún mẹ́ta láti wá iṣẹ́ tí wọ́n ń kà. Bí mo bá rí i, mà á béèrè ìwé ìgbé pípẹ́. Bí n kò bá rí i, mà á padà wálé pẹ̀lú ìwé mi.»

Ìyá wa ní: «Ó dára. Oko náà yóò ṣì wà níbí.»

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi àwọn ọmọ yín ní ìbéèrè yẹn kí ẹ tó pe ẹni tí yóò ra ilẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí ó bá yín láìní èsì. Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín.